Ìlù, Ìpè àti Ìdíje: Bí Báǹdì Ọmọ Ilé-Ìwé Ṣe Gbilẹ̀, àti Bí Ó Ṣe Di Ohun Àháyà

Lọ́dọọdún, bí oṣù Karùn-ún bá ti ń parí lọ, ìró ìlù kan máa ń gba ìgboro kan láti Ifọ̀ dé Mowé àti Ìbafò, títí dé àwọn abúlé bí Ìbógun. Ìlù náà kì í ṣe dùndún tàbí bàtá. Ọmọ kan gbé ìlù ńlá kọ́ àyà, ó ń fi kùmọ̀ lù ú lọ́tùn-ún lósì. Àwọn ìlù pẹlẹbẹ tí a so mọ́ ìbàdí ń dá a lóhùn, ìpè idẹ sì ń ké lórí gbogbo wọn. Àwọn yòókù tò lẹ́yìn, wọ́n ń yan bọ̀, apá àti ẹsẹ̀ ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, ìyẹn ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, ló ń bọ̀.

Ẹni tó bá súnmọ́ wọn dáadáa yóò ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé lóde òní, pàápàá àwọn ilé-ìwé aládàáni, àwọn tó ń lùlù yìí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀. Ńṣe ni a háyà wọn láti ibòmíràn fún wákàtí díẹ̀, owó wọn sì wà nínú ohun tí àwọn òbí san fún ayẹyẹ. Bí ayẹyẹ bá ti parí, wọ́n á kó ìlù wọn sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n á bá tiwọn lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yan, wọ́n jó, wọ́n ya fọ́tò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní di ọ̀pá ìlù mú títí wọn yóò fi jáde ilé-ìwé.

Ìdí nìyí tí ìtàn báǹdì àwọn ọ̀dọ́ fi yẹ ní títún sọ. Ó wọ ilẹ̀ Yorùbá láti ọ̀dọ̀ àwọn ológun àti àwọn oníjọ, ó gbilẹ̀ nítorí ìdíje láàárín ilé-ìwé sí ilé-ìwé àti ìjọ sí ìjọ, ó sì kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà ní iṣẹ́ orin láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé ìdíje náà kò bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń lùlù rí. Ọwọ́ aláṣẹ ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí aláṣẹ gbójú kúrò, onílù kò ní ibi tí yóò dúró sí.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Glasgow

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 1883, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ William Alexander Smith dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Glasgow, ní Scotland. Ó ń ṣe olùkọ́ ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi, ó sì wà lára àwọn ọmọ ogun olùyọ̀ọ̀da-ara-ẹni ìlú náà. Ohun tó ń kọ ọ́ lóminú ni pé àwọn ọmọkùnrin tó ti ń bàlágà kì í fẹ́ jókòó jẹ́ẹ́ ní kíláàsì. Ariwo ni wọ́n máa ń pa, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ wá mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní pápá àwọn ológun, tí Smith bá ti pàṣẹ, gbogbo ènìyàn á dúró ṣánṣán. Ó wá pa ohun méjèèjì pọ̀. Ó fún àwọn ọmọ náà ní fìlà àti bẹ́líìtì, ó kọ́ wọn ní yíyan bí ológun, ó sì fi àdúrà àti ẹ̀kọ́ Bíbélì sí i. Boys' Brigade ni ó pe ẹgbẹ́ náà.

Níbi tí yíyan bá wà, ìlù kò lè jìnnà. Láìpẹ́, àwọn ẹ̀ka ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ní báǹdì tiwọn, ìpè àti ìlù ni wọ́n sì sábà máa ń lò. Ìdí rẹ̀ kò le. Ìpè àwọn ológun, tí Òyìnbó ń pè ní bugle, kò ní bọ́tìnnì kankan tí ìka ń tẹ̀. Ètè àti èémí nìkan ni ọmọ fi ń yí ohùn rẹ̀ padà, ohùn tí ó sì ń lò kì í sábà ju márùn-ún lọ. Ó kéré sí fèrè idẹ ńlá lówó, ó yá kọ́, ó sì ń dún dé ọ̀nà jíjìn. Ọmọ tí kò mọ ìwé orin kà lè fi oṣù díẹ̀ mọ̀ ọ́n fọn. Ìlù náà rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni kí ogún ọmọ lù ú kí ó dún bí ẹni pé ọwọ́ kan ṣoṣo ló lù ú.

Nígbà tí Robert Baden-Powell kó ogún ọmọkùnrin lọ pàgọ́ sí erékùṣù Brownsea lọ́dún 1907, èyí tó bí ẹgbẹ́ Síkáòtù, àwọn ọmọ Boys' Brigade wà lára wọn. Igi kan náà ló so ẹgbẹ́ méjèèjì. Láàárín ìran kan, Síkáòtù, Boys' Brigade àti àwọn ẹgbẹ́ ọmọbìnrin tó tẹ̀lé wọn ti tàn dé gbogbo ibi tí àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́.

Ohun tuntun tó bá ìdílé Àyàn

Ìlù àti ìpè tó ń ṣáájú ọmọ ogun kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Kàkàkí ti ń dún ní ààfin Ọ̀yọ́ kí Òyìnbó tó dé, kò sì sí balógun tí í lọ sójú ogun láìmú onílù dání. Ọmọdé náà ń lùlù. Ṣùgbọ́n ìlù ilẹ̀ wa jẹ́ iṣẹ́ ìdílé. Ọmọ Àyàn ló ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ó ń mọ oríkì ìlú àti ti ìdílé, ó sì ń mọ ohun tí ìlù lè sọ àti ohun tí kò gbọdọ̀ sọ. Ọmọ àgbẹ̀ tàbí ọmọ aláṣọ tó bá gbé ìlù kọ́ èjìká láti máa fi ṣiṣẹ́ yóò rí ìjà àwọn òbí rẹ̀, nítorí wọn kò fẹ́ kí a pè é ní alágbe.

Ìlù tuntun yìí fọ́ ògiri náà. Ilé-ìwé ló gbé e kalẹ̀, orúkọ ẹ̀kọ́ ni ó sì jẹ́. Ọmọ ẹnikẹ́ni lè lù ú, ì báà jẹ́ ọmọ olùkọ́ tàbí ọmọ alájàpá, Ẹ̀gbá tàbí àlejò tí òbí rẹ̀ wá bá iṣẹ́ rélùwéè dé. Òbí tí kò ní gbà kí ọmọ òun lu gángan lóde ìnáwó ni yóò fọ aṣọ funfun ọmọ náà, tí yóò lọ̀ ọ́, kí ó lè lọ lu ìlù ilé-ìwé. Ìyípadà yìí kò kéré o, àní bí ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ kà á sí.

Bí ó ṣe rìn dé ọ̀dọ̀ wa kò ṣòro láti tọpa. Ní Èkó, John Glover ti kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun Haúsá jọ láti ọdún 1863, àwọn ológun bẹ́ẹ̀ sì ni ará ìlú kọ́kọ́ rí tí ìpè ń jí, tí ìpè sì ń dá padà sílé. Àwọn oníjọ ti wà ní Abẹ́òkúta láti ọdún 1846, ilé-ìwé wọn sì ń pọ̀ sí i. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta lọ́dún 1896, ó gba Ifọ̀ àti Abẹ́òkúta kọjá, ó sì dé Ìbàdàn lọ́dún 1901. Olùkọ́, oníwàásù, akọ̀wé àti ẹrù ilé-ìwé ń bá rélùwéè lọ, àwọn àṣà Èkó sì ń bá wọn wọ ìlú kéékèèké. Ẹgbẹ́ Síkáòtù bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 1915. Àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi ní ẹgbẹ́ ọmọkùnrin tiwọn, Royal Ambassadors, tí a dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1908 kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí tó dá ilé-ìwé sílẹ̀, bí Ansar-Ud-Deen tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1923, kò jẹ́ kí ọmọ tiwọn gbẹ́yìn níbi ìwọ́de.

Bí ìlù yìí ṣe ń fa ọmọdé nígbà náà hàn nínú ìtàn ọmọdé kan ní Aké. Wọlé Ṣóyínká, tí wọ́n bí lọ́dún 1934, sọ nínú ìwé ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1981 pé òun kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tí báǹdì ọlọ́pàá kọjá lẹ́yìn ọgbà ilé wọn. Ọmọ náà jáde, ó tẹ̀lé wọn. Ó ń tẹ̀lé wọn lọ títí ó fi dé Ìbàrà, níbi tí kò ti mọ ọ̀nà ilé mọ́, tó jẹ́ pé ọlọ́pàá ni yóò dá a padà. Kò sí ẹni tó pè é, kò sí ẹni tó fún un ní àkàrà. Ìró ìlù nìkan ló mú un rìn la Abẹ́òkúta já.

Ní ìgbèríko, Síkáòtù ni ọ̀pọ̀ ọmọ kọ́kọ́ bá pàdé. Ọmọ tí a bí ní Ìbógun-Ọláògún, tó bẹ̀rẹ̀ ìwé ní ilé-ìwé abúlé kó tó lọ sí Baptist Boys' High School ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1952, fi gbogbo ọkàn ṣe Síkáòtù nígbà tó wà níbẹ̀. Lọ́dún 1958, ó wọ iṣẹ́ ológun. Orúkọ rẹ̀ ni Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́. A kò lè sọ pé Síkáòtù ló sọ ọ́ di ọ̀gágun. Síbẹ̀, ọ̀nà tí ọmọ oko fi ń mọ ìtò, àṣẹ àti aṣọ ẹgbẹ́ kò pọ̀ nígbà náà, èyí sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ gba ìlù náà ṣe tiwọn

Lójú ìjọba amúnisìn, ìwúlò báǹdì wọ̀nyí ni Empire Day, ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ ìbí Ọbabìnrin Victoria. Àwọn ọmọ ilé-ìwé á tò lọ sí pápá, wọ́n á yan kọjá níwájú ajẹ́lẹ̀, wọ́n á kí àsíá. Ilé-ìwé tó bá yan jù á gba ẹ̀bùn. Ajẹ́lẹ̀ rò pé ìfẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ló ń mú àwọn ọmọ náà ṣe é tọkàntọkàn. Ohun tó wà lọ́kàn wọn ni bí wọn yóò ṣe yọ ojú ilé-ìwé kejì.

Ibi tí àwọn ọ̀dọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbé e gbà kọjá ohun tí ajẹ́lẹ̀ rò. Ní Gold Coast, tí a mọ̀ sí Gánà lónìí, àwọn ọmọ ogun tó wá láti erékùṣù West Indies ti mú orin fèrè idẹ wọn dé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ kọ́ ọ, wọ́n yí i padà, wọ́n sì bí orin kan tí wọ́n ń pè ní adaha. Nígbà tó di àwọn ọdún 1930, àwọn ọ̀dọ́ tí kò lówó ra fèrè idẹ dá ọgbọ́n kan. Wọ́n ní kí káfíńtà kan igi pọ̀ fún àwọn, wọ́n na awọ sí i, wọ́n sì fi ohùn ẹnu rọ́pò fèrè. Wọ́n dá aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n dé fìlà tó ní okùn wínníwínní, wọ́n ń yan bí ológun bí wọ́n ti ń jó. Konkoma ni wọ́n pè é. Ẹgbẹ́ kan ń bá ẹgbẹ́ kejì díje, àdúgbò kan ń bá òmíràn figagbága.

Àwọn ará Gold Coast tó wá ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ wa mú konkoma dé Èkó àti àwọn ìlú Yorùbá mìíràn. Níhìn-ín, ó pàdé àgídìgbo, ó sì fi àmì sára orin ìgbafẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà. Èkó fúnra rẹ̀ ti ní báǹdì fèrè idẹ tó lókìkí ṣáájú, irú bí Calabar Brass Band, tó ń ṣeré níbi ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìwọ́de àwọn oníjọ, tí wọ́n sì gba orin rẹ̀ sílẹ̀ sínú àwo ní àwọn ọdún 1930.

Ohun tí Yorùbá tún fi kún un ni ọ̀rọ̀. Ìlù Òyìnbó kò ní okùn tí a lè fún láti yí ohùn rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n etí Yorùbá kì í gbọ́ ìró lásán. Ohùn mẹ́ta ni èdè wa fi ń sọ̀rọ̀: dò, re, mí. Bí ìlù ńlá bá dún nísàlẹ̀, tí ìlù pẹlẹbẹ dá a lóhùn láàárín, tí ìpè sì ké lókè, ọmọ Yorùbá ti rí ọ̀rọ̀ fi sí i. Ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan mọ ohun tí ìlù òun ń sọ, àti èébú tó ń bù fún ilé-ìwé kejì. Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe là ń lùlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Alábòójútó ilé-ìwé tó jẹ́ Òyìnbó jókòó sórí pèpéle, ó ń gbé orí sókè gbé e sílẹ̀, kò sì mọ̀ pé wọ́n ń bú ẹnì kan létí òun.

Ìgbà tí gbogbo ilé-ìwé nílò ìlù

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún kan ṣoṣo, iye ọmọ tó wà ní kíláàsì fò sókè kọjá 800,000. Ilé-ìwé hù ní abúlé tí kò ní rí, kò sì sí ilé-ìwé tó fẹ́ kí a kà òun mọ́ ọ̀lẹ lọ́jọ́ ìwọ́de. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà. Òmìnira dé lọ́dún 1960. Láti ọdún 1964, ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún di Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló wà láàárín rẹ̀ àti Empire Day àtijọ́. Pápá kò yí padà, ìlà yíyan kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀bùn. Àsíá nìkan ló yàtọ̀, àti ẹni tó dúró lórí pèpéle.

Àwọn tó gbé àkókò náà mọ bí ìgbáradì ṣe máa ń rí. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ṣáájú, olùkọ́ eré ìdárayá á yan àwọn tó ga dọ́gba. Wọ́n á máa yan nínú oòrùn, ẹni tó bá ṣi ẹsẹ̀ á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn onílù á dúró lẹ́yìn ilé-ìwé, wọ́n á máa fi igi lu àga fídíhẹ kí wọ́n má baà ba awọ ìlù jẹ́. Lọ́jọ́ náà gan-an, bí wọ́n bá ti súnmọ́ pèpéle, aṣíwájú á pàṣẹ, gbogbo orí á yí sápá ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan náà, ìlù kò sì ní dákẹ́. Onídàájọ́ ń wo bí ìlà ṣe gún, bí apá ṣe ń lọ, bí aṣọ ṣe mọ́, àti bóyá ìlù àti ẹsẹ̀ jọ ń rìn. Ife ẹ̀yẹ ló wà ní ìparí rẹ̀. Ilé-ìwé tó bá gbé e á mú un yí ìlú ká kó tó padà sílé, ọmọ tó lu ìlù ńlá á sì ní orúkọ tuntun ládùúgbò.

Ní ti àwọn ìjọ, Boys' Brigade ń kóra jọ, wọ́n ń díje nínú yíyan, nínú báǹdì àti nínú ìtọ́jú ẹni tó farapa. Ọmọ tó bá mọ ìpè fọn níbẹ̀ lè bọ́ sí báǹdì ọlọ́pàá tàbí ti ológun, ibẹ̀ ni yóò ti mọ ìwé orin kà, tí yóò sì máa gba owó oṣù. Fún ọmọ tí kò ní ẹni tí yóò rán an lọ sílé-ìwé gíga, ọ̀nà oúnjẹ nìyẹn.

Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1971

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà yẹ ní fífi wé tiwa, nítorí ibẹ̀ ni irú báǹdì yìí ti dàgbà jù láyé, orísun rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí tiwa. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, àwọn ológun tó fẹ̀yìn tì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, American Legion lọ́dún 1919 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí, àwọn ìjọ àti Síkáòtù ló ń ṣe onígbọ̀wọ́ báǹdì ìpè àti ìlù fún àwọn ọ̀dọ́. Báǹdì Cavaliers ti Chicago bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1948 gẹ́gẹ́ bí báǹdì ọmọ Síkáòtù. Madison Scouts ní Wisconsin gba ọ̀nà kan náà wá. Àwọn ẹgbẹ́ ológun yìí ló ń ṣètò ìdíje, àwọn ló ń yan onídàájọ́, àwọn ló ń ṣe òfin, àwọn sì ni owó ẹnu ọ̀nà ń bọ́ sọ́wọ́ wọn.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ àwọn olùdarí báǹdì lọ́rùn mọ́. Wọ́n ní òfin náà ti gbó, wọ́n ní àwọn ń ná owó rẹpẹtẹ láti rìnrìn àjò nígbà tí ẹlòmíràn ń kó èrè. Lọ́dún 1971, Don Warren tó dá Cavaliers sílẹ̀, Jim Jones ti báǹdì Troopers ní ìpínlẹ̀ Wyoming, àti àwọn akẹgbẹ́ wọn dá àjọ tiwọn sílẹ̀, Drum Corps International. Láti ìgbà náà, àwọn báǹdì fúnra wọn ló ń ṣe òfin ìdíje, tí wọ́n ń kọ́ onídàájọ́, tí wọ́n sì ń pín owó. Ìdíje àgbáyé wọn àkọ́kọ́ wáyé ní Whitewater, ní Wisconsin, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1972, Anaheim Kingsmen láti California ló sì gbégbá orókè. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ wọn, ẹni tó bá ti lé díẹ̀ ní ogún ọdún kò lè díje mọ́, ó gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún àbúrò.

Wàhálà ò tán níbẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ báǹdì kéékèèké ládùúgbò ló ti kógbá sílé, owó tí ọmọ ń san láti wọ báǹdì ńlá sì ti di ohun tí tálákà kò lè dá gbé. Síbẹ̀, ìdíje náà kò kú, nítorí ó ní ẹni tó ni ín.

Bí tiwa ṣe rọ

Ní ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn. Ní àárín àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn oníjọ. Ọ̀nà tí ọmọ ń gbà láti báǹdì ìjọ sí báǹdì ilé-ìwé já. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976, ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀, ọmọ pọ̀ ní kíláàsì ju àga lọ. Ta ni yóò ronú ra ìlù? Nígbà tó di ọdún 1986, tí wọ́n dín iye náírà kù, ìpè tó ń ti òkè òkun wá di ohun olówó iyebíye. Ìpè tó bá ti fọ́, ó fọ́ nìyẹn. Ilé-ìwé mìíràn wà tó jẹ́ pé ìlù ńlá kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù nínú yàrá ìkẹ́rù, tí eku sì ti jẹ awọ rẹ̀.

Àwọn ilé-ìwé aládàáni dé, pàápàá lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó ṣí lọ́dún 1978. Ìlẹ̀ tó jẹ́ oko ní Mowé àti Ìbafò di ilé, ilé di àdúgbò, ilé-ìwé sì kún ojú pópó. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní pápá, ẹni tí kò bá sì ní pápá kò lè ní báǹdì tó ń yan. Háyà wá di ojútùú. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tí à ń háyà, iṣẹ́ oòjọ́ wọn ni wọ́n ń ṣe, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé inú Boys' Brigade tàbí ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ìjọ ló ku ibi tí ọmọ ti lè kọ́ fèrè lọ́fẹ̀ẹ́ báyìí. Ṣùgbọ́n báǹdì ìjọ ń ṣeré fún ìsìn àti fún ìkórè. Kò sí ẹni tí yóò bá a díje, kò sì sí onídàájọ́ tí yóò sọ fún un ibi tó kù sí.

Àwọn kan wà tí inú wọn dùn pé báǹdì yìí ń lọ. Wọ́n ní ẹ̀rù amúnisìn ni, wọ́n ní ó ń kọ́ ọmọdé ní ìwà ológun, pé ilẹ̀ tí sọ́jà ti jọba lé lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún kò tún nílò ọmọdé tó ń yan. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwọ̀n òtítọ́. Pàṣán olùkọ́ eré ìdárayá kò ṣeé gbàgbé, ìjà àwọn ọmọ ilé-ìwé lẹ́yìn ìdíje sì ti fọ́ orí rí. Bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ni í ya. Àmọ́ ohun tí a gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí a ti fi ọ̀rọ̀ ara wa sí lẹ́nu ti kúrò ní tirẹ̀. Konkoma jẹ́rìí sí i. Ọmọ tó kọ́ láti fetí sí ọmọ mọ́kàndínlógún mìíràn kí ó tó lu ìlù tirẹ̀ kò kọ́ ogun, àgbájọpọ̀ ló kọ́.

Àpẹẹrẹ tó wà nítòsí

Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni lọ sí Amẹ́ríkà láti kọ́ bí a ṣe ń ni ìdíje. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà, ní Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́jọ́ kẹta ọdún Iléyá, àwọn régbérégbé máa ń jáde ní Ojúde Ọba, ẹgbẹ́ kan lẹ́yìn èkejì, nínú aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Àwọn ìdílé balógun ń gun ẹṣin, a ń ṣe ìdájọ́, a sì ń fún ẹni tó bá tayọ ní ẹ̀bùn. Ìjọba kọ́ ló ni ín. Onígbọ̀wọ́ lè wá lónìí, kó lọ lọ́la, régbérégbé yóò ṣì jáde, nítorí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ̀ pé ẹgbẹ́ kejì ń bọ̀. Ìdíje tó ní olóhun ni.

Báǹdì àwọn ọmọdé lè rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀ àti ti Ọbáfẹ́mi-Owódé kò ṣaláìní ilé-ìwé, wọn kò sì ṣaláìní ìjọ tó ní ọmọ tó mọ fèrè fọn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀rọ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ìbógun níbẹ̀, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ iṣẹ́ irin. Ìlù ńlá kì í ṣe ohun tó pọn dandan kí ó ti òkè òkun wá, káfíńtà ló kan ti àwọn ọmọ konkoma. Bí ilé-ìwé mẹ́wàá bá fohùn ṣọ̀kan pé a kò ní háyà mọ́, pé ọmọ wa ni yóò lù ú, pé ìgbà mẹ́ta lọ́dún ni a ó pàdé, pé olùkọ́ tiwa ni yóò ṣe ìdájọ́ pẹ̀lú òfin tí gbogbo wa jọ kọ, ìdíje ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Owó tí ilé-ìwé kan fi ń háyà báǹdì lọ́dún díẹ̀ lè ra ìlù tí yóò wà níbẹ̀ fún ìran méjì.

Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Báǹdì ilé-ìwé wa kú lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí pé olúkúlùkù ń dúró de ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún, tí ó ń wo ojú ẹni tó dúró lórí pèpéle. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún tó ń bọ̀, ìlù yóò tún dún ní Ifọ̀, ní Mowé àti ní Ìbógun. Kí òbí tó bá wà níbẹ̀ bi ọmọ rẹ̀ léèrè ẹni tó ń lù ú.